Bí Ẹ Ṣe Lè Fowó Ran Ìwádìí Ìtọ̀ Ṣúgà Ọmọdé Lọ́wọ́, Tí Owó Náà Á sì Débi Tó Yẹ

Ẹ̀yin ará mi tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Tí wọ́n bá ti sọ fún wa ní ọsibítù pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tàbí ọmọ ẹnì kan nínú ìjọ wa ní ìtọ̀ ṣúgà, nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ká dáwó. Ìyẹn dáa gan-an. Ibi tí owó yẹn ń lọ lọ̀rọ̀ wà, torí mo ti rí i tí wọ́n kówó jọ níbi ayẹyẹ, tí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, tó wá di ọdún kejì tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ bóyá oògùn ni wọ́n fi rà ni o, bóyá ìwádìí ni wọ́n fi ṣe ni o. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa ṣe é látìbẹ̀rẹ̀: bí ẹ ṣe máa mọ ìbéèrè tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó fún, bí ẹ ṣe máa mọ àjọ aláàánú tó ṣeé fọkàn tán, bí ẹ ṣe máa kó owó jọ kí ìjọba náà bu tiẹ̀ kún un, àti bí ẹ ṣe máa tẹ̀ lé e.

Irú ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń pè ní Type 1 ni mò ń sọ o, èyí tó máa ń mú ọmọdé jù. Kì í ṣe èyí tó ń ṣe àwọn àgbà tí dókítà á ní kí wọ́n dín ẹ̀bà kù. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú Type 1 ni pé àwọn nǹkan inú ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà ló yíjú sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlíìnì (ohun tó ń jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) nínú pánkíríàsì, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, tó ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá ọmọ fún un ní mínírà àti bisikíìtì jù, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ọmọ tó bá ní i tí ò rí ínsúlíìnì gún, kì í pẹ́ tó fi máa ń kú. Torí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé àgbo kan wà tó ń wò ó sàn, ẹ má dá a lóhùn, ẹ má sì jẹ́ kí òbí kankan tìtorí ẹ̀ dá abẹ́rẹ́ ọmọ dúró.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí owó ìwádìí ti ṣe rí

Ẹ má fo ibí yìí, torí ẹ máa nílò rẹ̀ tí ẹ bá ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀.

Kó tó di 1922, ebi ni wọ́n máa ń fi pa ọmọ tó bá ní àìsàn yìí, wọ́n á máa fún un lóúnjẹ bíńtín kó lè pẹ́ sí i láyé fún oṣù mélòó kan. Ní January 1922 ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n gún ọmọ ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson ní ínsúlíìnì tí Frederick Banting àti Charles Best yọ lára ẹran. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gún un ní ọjọ́ 11 ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan torí oògùn náà ò mọ́, James Collip wá lọ fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa, nígbà tí wọ́n sì tún gún un ní ọjọ́ 23, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wálẹ̀. Àwọn tó ni iṣẹ́ yẹn ta ẹ̀tọ́ wọn fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kọ̀ọ̀kan. Dọ́là kan péré o!

Àmọ́ ínsúlíìnì ò wo àìsàn náà sàn, ńṣe ló ń jẹ́ kí ọmọ wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ọmọ ò gbọ́dọ̀ yéé gún un títí ayé. Ìdí tí àwọn òbí fi dìde nìyẹn. Ní 1970 ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí tí ọmọ wọn ní i, Lee Ducat ti Philadelphia wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó wá di JDRF, láti 2024 ó ti ń jẹ́ Breakthrough T1D. Ó ti ná ohun tó ju bílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là lọ sórí ìwádìí. Ní Ìlú Ọba, H. G. Wells tó jẹ́ òǹkọ̀wé àti dókítà R. D. Lawrence, tí àwọn méjèèjì ní ìtọ̀ ṣúgà, ló dá èyí tí a mọ̀ sí Diabetes UK lónìí sílẹ̀ ní 1934.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọkùnrin kan kí ẹ lè mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó. Doug Melton, tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Harvard nígbà yẹn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ò ju ọmọ oṣù mẹ́fà lọ ní 1991 tí wọ́n fi sọ pé ó ní Type 1. Bàbá yẹn pa iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ tì, ó ní òun máa wá bí wọ́n ṣe ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlíìnì nínú lábù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin náà tún wá ní i. Owó àwọn aláàánú wà lára ohun tó gbé iṣẹ́ yẹn ró fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ilé iṣẹ́ oògùn kankan ò lè dá sí i, torí kò tíì sí nǹkan tí wọ́n lè tà. Ọdún 2014 ni wọ́n tó fi han aráyé pé àwọn ti lè dá sẹ́ẹ̀lì yẹn ní púpọ̀. Ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ lórí ẹ̀, ilé iṣẹ́ oògùn kan tó ń jẹ́ Vertex rà á ní 2019 ní 950 mílíọ̀nù dọ́là. Ní June 2025, wọ́n gbé èsì jáde pé nínú àwọn 12 tí wọ́n fún ní sẹ́ẹ̀lì náà ní ìwọ̀n tó pé, 10 ò nílò ínsúlíìnì mọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Àgbà ni wọ́n o, kì í ṣe ọmọdé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí ò ní jẹ́ kí ara wọn kọ sẹ́ẹ̀lì náà, oògùn yẹn náà ní wàhálà tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún tó wà láàárín: 1991 sí 2025. Ẹni tó bá fẹ́ fowó sí ìwádìí, kòkó ló ń gbìn, kì í ṣe ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kó yáa mọ̀ bẹ́ẹ̀ látilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìwádìí

Owó ìtọ́jú ló ń ra ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́ àti sítíríìpù tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò fún ọmọ tó wà níwájú wa lónìí. Owó ìwádìí ló ń wá ọ̀nà tí ọmọ tí a ò tíì bí ò fi ní nílò ìkankan nínú wọn. Méjèèjì ló dáa, àmọ́ tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ ọ̀kan á jẹ èkejì run. Nílé ní Nàìjíríà, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń ra ínsúlíìnì, àwọn míì á dín ìwọ̀n tí dókítà kọ kù kí ìgò kan lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá tí ọmọ ẹ̀ ò rí abẹ́rẹ́ gún láàárọ̀ òní, ẹ ò lè máa sọ ìtàn lábù fún un.

Torí náà tí ọmọ kan bá wà nílé tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣe aláìní, ẹ gbọ́ tiẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gba ọwọ́ àjọ ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́, Life for a Child, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000 ní Ọsirélíà, iṣẹ́ tiwọn gan-an nìyẹn, ínsúlíìnì àti ohun èlò ni wọ́n ń kó fún ọmọ àwọn tí ò lówó lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá jókòó ní mítíǹgì, kí ẹ fẹnu kò sí iye ìdá tó máa lọ sí ìtọ́jú àti iye ìdá tó máa lọ sí ìwádìí, kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì ní akáǹtì méjì. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní akáǹtì kan náà ti tó, ẹ má gbà fún un.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mú ìbéèrè kan

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa kì í dé. A máa ń ní "a fowó sí ìwádìí", ìwádìí wo? Nǹkan mẹ́rin ló wà nílẹ̀.

Èkínní ni mímọ̀ ọ́n kó tó dé. Lónìí, wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò kí wọ́n sì rí àmì pé ara ẹ̀ ti ń bá àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn jà, ó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kí ọmọ náà tó ṣàìsàn. Àǹfààní ẹ̀ ni pé oògùn kan wà tó ń jẹ́ teplizumab, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní November 2022 fún ẹni ọdún mẹ́jọ sókè tí àmì yẹn ti hàn lára ẹ̀ tí ṣúgà ẹ̀ sì ti ń yí díẹ̀, ó máa ń sún àìsàn náà síwájú ní nǹkan bí ọdún méjì. Ẹni tó bá rò pé ọdún méjì ò já mọ́ nǹkan, kó lọ bi ìyá tó ń jí lóru máa yẹ ṣúgà ọmọ ọdún mẹ́jọ wò. Àmọ́ nígbà tó jáde, owó ẹ̀ fún ọjọ́ 14 tí wọ́n máa fi gbà á ń lọ sí 194,000 dọ́là, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ni nínú wa ló lè san án. Ní Ìlú Ọba, ìwádìí kan wà tó ń jẹ́ ELSA, Yunifásítì Birmingham ló ń darí ẹ̀, Diabetes UK àti Breakthrough T1D ló ń sanwó ẹ̀, àwọn ọmọ ọdún 3 sí 13 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ni wọ́n ń gbà.

Èkejì ni sẹ́ẹ̀lì tí mo sọ lókè yẹn, bí wọ́n ṣe máa fi sára ọmọ láìsí oògùn tó ń dín agbára ara kù.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ. JDRF bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sórí ẹ̀rọ tó máa ń fúnra ẹ̀ wo ṣúgà tó sì máa ń fúnra ẹ̀ tú ínsúlíìnì sára ní 2006, nígbà yẹn ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àlá ni, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní September 2016. Ìyẹn ti ń rìn dáadáa, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti wà nídìí ẹ̀, mi ò rò pé owó tiwa ló nílò jù.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí tiwa ni. Ní 2025, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan tó ń jẹ́ YODA jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ 894 wò ní Kamẹrúùnù, Uganda àti South Africa, àwọn tí dókítà ti sọ fún gbogbo wọn pé Type 1 ni wọ́n ní. Nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn ò rí àmì tí mo sọ yẹn lára wọn rárá, ìyẹn àmì pé ara ń bá ara jà. Ṣé ẹ rí i? Ó túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ọmọ Áfíríkà tí à ń pè ní Type 1 jẹ́ nǹkan míì pátápátá, tó ní okùnfà tiẹ̀. Wọ́n rí irú ẹ̀ náà lára díẹ̀ nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àmọ́ wọn ò rí i bẹ́ẹ̀ lára àwọn òyìnbó. Ẹ wá rò ó: oògùn bíi teplizumab, ìjà tí ara ń bá ara jà ló ń dá dúró. Tí ọmọ kan ò bá sí nínú ìjà yẹn, kí ni oògùn náà fẹ́ ṣe fún un? Àwọn ìṣirò tí wọ́n fi ń wo jíìnì láti mọ ọmọ tó ṣeé ṣe kó ní i náà, ara àwọn tó ti Yúróòpù wá ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá tiwa mu.

Nàìjíríà ò sí nínú orílẹ̀-èdè mẹ́ta yẹn. Nínú gbogbo nǹkan tí mo kọ síbí, èyí ló dùn mí jù, torí owó tí àwa tá a wà nílẹ̀ òkèèrè ń ná ní òde àríyá kan ṣoṣo á gbé ìbéèrè yìí síwájú díẹ̀. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, ìbéèrè kẹrin yìí ni kí ẹ mú: kí ló ń ṣe àwọn ọmọ wa gan-an, kí sì ni ìtọ́jú tó tọ́ fún wọn. Tí ẹ bá sì mú òmíràn, ẹ ò ṣẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ náà bóyá ọmọ aláwọ̀ dúdú wà nínú àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò, kí wọ́n sì sọ iye tó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yẹ àjọ náà wò kí ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀

Ní England àti Wales, ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù Charity Commission, ẹ tẹ orúkọ àjọ náà, ẹ máa rí nọ́ńbà ẹ̀, orúkọ àwọn alábòójútó ẹ̀ àti ìròyìn owó ẹ̀. Scotland ní tiẹ̀, OSCR ni. Ní Amẹ́ríkà, IRS, iléeṣẹ́ owó orí wọn, ní ibi tí wọ́n ti ń wo àjọ tó jẹ́ 501(c)(3), ìyẹn àjọ aláàánú tí kì í san owó orí, ẹ sì tún lè wo fọ́ọ̀mù 990, ìròyìn owó tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ́dọọdún. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà, CAC ni kí ẹ wò, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees.

Ìyẹn kàn sọ fún yín pé àjọ náà wà ni o, kò sọ pé ó mọ iṣẹ́ ìwádìí. Ohun tó ń fi àjọ ìwádìí gidi hàn ni pé kì í ṣe ọ̀gá àjọ ló ń jókòó sínú ọ́fíìsì yan ẹni tó máa fún lówó. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ránṣẹ́, àwọn onímọ̀ míì tí ò bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ tí wọn ò sì ní èrè kankan níbẹ̀ á gbé e yẹ̀ wò, á fún un ní máàkì, èyí tó bá gba máàkì jù ni wọ́n á sanwó fún. Ní Ìlú Ọba, àwọn àjọ tó wà nínú AMRC, ẹgbẹ́ àwọn àjọ aláàánú tó ń sanwó ìwádìí ìṣègùn, ó di dandan kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lè wà níbẹ̀. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àjọ tẹ́ ẹ ń wò, ẹ béèrè ta ló ń ṣèdájọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, bóyá àwọn òbí tàbí àwọn tó ní àìsàn náà wà lára àwọn tó ń dá sí i, àti ibi tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún lọ́wọ́lọ́wọ́ sí. Àjọ gidi á dáhùn, ó tiẹ̀ máa dùn mọ́ wọn nínú pé ẹ béèrè. Èyí tó bá kàn ń fi fọ́tò ọmọ tó ń sunkún ránṣẹ́ padà sí yín, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣí ìròyìn owó wọn

Kò le tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ ṣí PDF náà lórí fóònù, ẹ tẹ "research" síbi tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀, ẹ sì tún tẹ "grants". Ẹ máa débì kan, ó sábà máa ń wà lápá ẹ̀yìn, tí wọ́n to orúkọ àwọn yunifásítì sí lápá òsì, tí iye tí wọ́n fún kálukú wà lápá ọ̀tún, ti ọdún yìí àti ti èṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ka ibẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá kọ mílíọ̀nù lọ́nà báyìí sí "ìwádìí" tí ò sì sí orúkọ yunifásítì kan níbi kankan, ẹ béèrè. Tí iye náà bá já wálẹ̀ gan-an láàárín ọdún méjì, ẹ béèrè ìdí ẹ̀, nígbà míì ìdí tó dáa máa ń wà, bíi pé iṣẹ́ ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "àwa ò ná nǹkan kan sórí ọ́fíìsì" tàn yín o. Ẹni tó ń ka àwọn ìwé ìbéèrè fówó, tó ń yẹ ìròyìn wò, tó ń bi onímọ̀ sáyẹ́ǹsì léèrè ohun tó fi owó ṣe, owó oṣù ló ń gbà. Àjọ tí ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní mọ̀ tí owó bá sọnù.

Nǹkan míì: Diabetes UK kì í ṣe ti Type 1 nìkan, gbogbo irú ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń bá ṣe, wọ́n tún ń ṣe ìpolongo àti ìlanilọ́yẹ. Kò burú, àmọ́ tó bá jẹ́ Type 1 ọmọdé lẹ fẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde, mo máa dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ẹ ṣe máa kó owó jọ

Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn fojú rí ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Mo wà níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham, wọ́n ń lulù, àwọn ọmọdé ń jó, fóònù ìyá kan ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó wò ó, ọfà orí ẹ̀ ń tọ́ka sílẹ̀ pé ṣúgà ọmọ ẹ̀ ń já wálẹ̀, ó sáré yọ júùsì kékeré látinú báàgì, ó na ọwọ́ gba àárín èrò, ó sì fún ọmọ ẹ̀ obìnrin tó wọ bùbá tí apá ẹ̀ ò gùn, tí ohun funfun pẹlẹbẹ tó ń ka ṣúgà wà lápá ẹ̀. Ọmọ yẹn mu ún láìdúró, ó ṣì ń mi ẹsẹ̀ sílù, ìyá ẹ̀ wá dúró tó ń wo fóònù títí ọfà yẹn fi dọ́gba, kò padà jókòó. Àwọn tó wà nítòsí rí i, ẹ̀rù bà wọ́n díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n béèrè yẹn wúlò ju gbogbo ohun tí alága ìjókòó lè sọ lórí máíkì lọ. Àmọ́ o, ẹ ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ kankan tàbí fi fọ́tò ẹ̀ síta láìjẹ́ pé òbí ẹ̀ gbà, kí ọmọ náà pẹ̀lú sì gbà tó bá ti gbọ́n tó.

Nísinsìnyí ẹ gbọ́ ti Gift Aid, torí owó ńlá ló ń bọ́ lọ́wọ́ wa níbẹ̀. Tí ẹni tó ń san owó orí ní Ìlú Ọba bá fún àjọ aláàánú ní £1, ìjọba á fi 25p kún un. £1,000 á di £1,250. Ẹni tó bá ń san owó orí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tún lè gba díẹ̀ padà fún ara ẹ̀, lórí £100 ó lè gba £25. Àṣìṣe tí àwọn ẹgbẹ́ wa máa ń ṣe ni pé èèyàn ọgbọ̀n á dáwó, àpapọ̀ ẹ̀ á jẹ́ £3,000, alága á fi káàdì tiẹ̀ san án, á sì tíìkì Gift Aid lórúkọ ara ẹ̀. Kò tọ́. Owó ara ẹni nìkan lèèyàn lè tíìkì fún, tí àjọ bá sì gba ohun tó ju owó orí tẹ́ ẹ san lọ́dún yẹn lọ, ọwọ́ yín ni ìjọba á ti gbà á padà. Ohun tó yẹ ni kí ẹ ṣí ojú ewé kan sórí JustGiving, wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n fi ń dáwó, tàbí orí wẹ́ẹ̀bù àjọ náà fúnra ẹ̀, kí kálukú fi orúkọ ara ẹ̀ san tiẹ̀, kí ẹ lẹ QR code ẹ̀ mọ́ orí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Fún àwọn àgbà tí kì í lo fóònù, ẹ tẹ ẹ́ńfílóòpù tó ní àyè fún orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti póòsìkóòdù, kí àwọn ọ̀dọ́ máa bá wọn kọ ọ́.

Owó tí wọ́n ná mọ́ yín lórí ńkọ́? Ẹ ò lè tíìkì Gift Aid fún un torí ẹ ò mọ ẹni tó ni í. Ọ̀nà kan wà ṣá, ìjọba máa ń jẹ́ kí àjọ gba àfikún lórí owó kékeré, £30 wálẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó bá jẹ́ cash, títí dé £8,000 lọ́dún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ náà ṣáájú ọjọ́ òde bóyá wọ́n wà nínú ètò yẹn àti bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ kó owó náà wá. Owó oúnjẹ tẹ́ ẹ tà àti ráfù ò sí nínú Gift Aid rárá.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí fún ohunkóhun tó bá tó $250, kí ẹ sì béèrè níbi iṣẹ́ yín bóyá wọ́n máa ń fi iye kan náà kún ohun tí òṣìṣẹ́ bá fi ṣàánú, ọ̀pọ̀ ọsibítù àti ilé iṣẹ́ ńlá tí àwọn èèyàn wa ń bá ṣiṣẹ́ máa ń ṣe é, àwa ni a kì í béèrè.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ lẹ́tà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Tí ẹ bá kàn san owó sí akáǹtì, àjọ lè ná an sórí ohunkóhun tó wà nínú iṣẹ́ wọn. Tí ẹ bá kọ lẹ́tà pé ohun kan pàtó lẹ fún un, tí wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀, òfin ò ní jẹ́ kí wọ́n ná an síbòmíì. Lẹ́tà náà ò ju ìlà mélòó kan lọ: orúkọ ẹgbẹ́ yín, iye owó, pé ìwádìí Type 1 lára ọmọdé lẹ fún un, tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó kan ọmọ tó wá láti Áfíríkà, àti pé tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò bá sí nílẹ̀ láàárín ọdún kan, wọ́n lè ná an sórí ìwádìí Type 1 èyíkéyìí. Ẹ má fo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Tí ẹ ò bá fi í sí i, owó yín lè jókòó sí báǹkì fún ọ̀pọ̀ ọdún torí kò síbi tí wọ́n lè ná an sí.

Tó bá jẹ́ £500 ni, ẹ má de owó náà mọ́lẹ̀ jù, ẹ kàn kọ "ìwádìí Type 1". Tó bá ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá ẹni tó ń bójú tó ìwádìí sọ̀rọ̀, kó sọ ohun tí owó yín lè ṣe fún yín: owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe PhD fún oṣù mélòó kan, tàbí owó kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí Nàìjíríà tààrà

Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn, àmọ́ ó gba sùúrù. Àwọn ọsibítù ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà àti UCH ní Ìbàdàn ní àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ìtọ̀ ṣúgà ọmọdé gan-an. Ohun tí wọ́n nílò kì í sábà jẹ́ ohun àràmàǹdà: ẹni tó máa jókòó kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ní i sínú ìwé kan kó sì máa tẹ̀ lé wọn lọ́dọọdún, fìrísà tí iná ò ní kú mọ́ lórí, owó tí wọ́n á fi yẹ àmì inú ẹ̀jẹ̀ wò torí ọ̀pọ̀ òbí ò lè san án. Ẹ má fi owó sí akáǹtì ẹnì kankan, bó ti wù kó jẹ́ ojúlùmọ̀ yín tó, akáǹtì ọsibítù tàbí yunifásítì ni kó lọ, pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ náà lórí ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí fi gbà fún wọn hàn yín, gbogbo ìwádìí lára ọmọ èèyàn ló gbọ́dọ̀ ní i, kí ẹ sì rí fọ́ọ̀mù tí òbí máa fọwọ́ sí, bóyá wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà lè gbọ́. Owó tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ tààrà báyìí ò ní Gift Aid. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ Gift Aid, ẹ wá àjọ tó forúkọ sílẹ̀ ní Ìlú Ọba tó gbà láti gbé e lọ, àwọn alábòójútó ẹ̀ á sì gbọ́dọ̀ yẹ ibi tí owó ń lọ wò fúnra wọn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ tẹ̀ lé e

Ẹ béèrè fún ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èyí tí wọ́n kọ ní èdè tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè gbọ́, kí ẹ kà á ní mítíǹgì. Tí ìròyìn náà bá sọ pé ohun tí wọ́n dán wò ò ṣiṣẹ́, ẹ má bínú kúrò. Ní 1994, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ DPT-1, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá tí wọ́n bá tètè gún àwọn tó ṣeé ṣe kó ní i ní ínsúlíìnì díẹ̀díẹ̀, àìsàn náà ò ní dé. Èsì jáde ní 2002, kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ dájú pé àwọn lè fi ẹ̀jẹ̀ mọ ẹni tó ń bọ̀ wá ní i, àwọn tó kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ sì wà lára àwọn tó gbé TrialNet dìde, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí lórí Type 1, TrialNet yìí náà ló dán teplizumab wò lára èèyàn 76, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2019. Ẹni tó bá bínú kúrò ní 2002 ò ní sí níbẹ̀.

Ẹ tún lè ṣe ju owó lọ. Diabetes UK àti Breakthrough T1D máa ń wá àwọn òbí àti àwọn tó ní àìsàn náà láti wà nínú àwọn tó ń ka ìwé ìbéèrè fówó, wọn ò ní kí ẹ mọ sáyẹ́ǹsì, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ẹ sọ bóyá iṣẹ́ náà kan ayé ọmọ tó ní i. Ẹ ní kí òbí kan láàárín yín lọ forúkọ sílẹ̀. Tí Yorùbá kan bá wà nínú yàrá yẹn tó ń béèrè "ọmọ Áfíríkà mélòó ló wà nínú eléyìí?", wọ́n á ní láti dáhùn.

Ẹ fi ọjọ́ sọ́kàn: ọdún owó orí Ìlú Ọba máa ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù April, ti Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 31 oṣù December. Tí òde yín bá bọ́ sí ìparí March, ẹ rí i pé owó ti wọ akáǹtì àjọ náà kí ọjọ́ 5 oṣù April tó kọjá, kí ẹ sì fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ ṣáájú owó, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.